Písà Tí Kò Ní Fúláwà

Dàmọ́lá fi ọwọ́ méjèèjì gba búrẹ́dì gbígbóná náà, ó kúnlẹ̀ dúpẹ́, ó sì rọra gbé e padà sórí tábìlì.

"Ẹ má bínú, Mummy. Mi ò lè jẹ ẹ́."

Ìyá Elkanah wo búrẹ́dì, ó wo ọmọbìnrin náà. Láti ìgbà tó ti kúrò ní Abẹ́òkúta wá dá békìrì sílẹ̀ ní Kétu, kò sẹ́ni tó kọ búrẹ́dì rẹ̀ rí. Àwọn kan máa ń ní ó kéré, àwọn kan á ní iyọ̀ rẹ̀ pọ̀, ṣùgbọ́n kí ènìyàn dá a padà ní gbígbóná? Ẹni tó wá dá a padà yìí ni ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo fẹ́ fi ṣe aya. Òní ni Elkanah mú un wá kí ìyá, òní náà ló sì fẹ́ gbọ́ lẹ́nu ìyá bóyá wọn yóò lọ tọrọ ọmọ tàbí wọn kò ní í lọ.

"Àìsàn ni, Mummy," ni Elkanah wí. "Dókítà ló sọ fún un ní London. Gbogbo nǹkan tí wọ́n bá ti fi fúláwà ṣe, inú rẹ̀ ò gbà á. Ó máa ń dá a dùbúlẹ̀ ni."

"Fúláwà?"

"Kódà kó kéré báwo."

Ọ̀rọ̀ náà kò yé ìyá. Ó mọ èèwọ̀. Ilé bàbá tirẹ̀ kì í jẹ òkété, kò sì sẹ́ni tó ń bi wọ́n pé kí ló dé. Ṣùgbọ́n ta ló ń ka búrẹ́dì léèwọ̀? Jésù fúnra rẹ̀ bù ú fún àwọn ọmọ-ẹ̀yìn.

"Tí wọ́n bá pín Ara Olúwa ní ṣọ́ọ̀ṣì ńkọ́?"

"Wáìnì nìkan ni mo máa ń mu, mà."

Ìyá ní ó dáa. Kò dáa nínú rẹ̀, ó dùn ún gan-an ni. Búrẹ́dì yìí ló fi rán Elkanah lọ sílé ìwé, ẹni tí yóò sì fẹ́ ẹ kò lè fẹnu kàn án. Àbí ẹ̀gàn ni, tí wọ́n wá fi orúkọ dókítà bò ó mọ́lẹ̀? Ọ̀rọ̀ pọ̀ nínú ìwé kọ́bọ̀.

Nígbà tí Elkanah rí ojú ìyá rẹ̀, ó kó sínú mọ́tò, ó ní òun ń bọ̀. Ìparí ọdún 2009 nìyẹn. Ilé oúnjẹ kan tó ní ẹ̀ka káàkiri Èkó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí ọ̀kan sí Ògùdù, wọ́n sì ń ta písà tí kò ní fúláwà. Páálí pẹlẹbẹ kan ló gbé dé. Písà inú rẹ̀ ti tutù, wàràkàṣì orí rẹ̀ sì ti le.

"Ẹ tọ́ ọ wò, Mummy."

Ìyá bu díẹ̀ sẹ́nu. Ó jẹ ẹ́ títí. Ó ń fọ́ lẹ́nu bí àádùn, kò fà, kò jọ ohun tó rí ìwúkàrà rí. Ṣé ìrẹsì ni? Ṣé àgbàdo ni? Ta ló jókòó tó ronú pé kí wọ́n yọ búrẹ́dì kúrò nínú búrẹ́dì, kí wọ́n sì máa tà á fọ́mọ aráyé?

"Kí ni wọ́n fi ṣe é?"

"Mi ò mọ̀, Mummy. Wọ́n ṣáà ní kò sí fúláwà níbẹ̀."

"Ó ti tutù. A kì í gbé oúnjẹ tútù fún àlejò."

Ó gbé páálí náà lọ sẹ́yìnkùlé, níbi tí ààrò gbé ń gbóná. Àìsàn ọmọ náà lè má yé e, ṣùgbọ́n ebi yé e.

Kò pẹ́ tó fi padà dé. Dàmọ́lá kúnlẹ̀ gba àwo lọ́wọ́ rẹ̀. Ó mú ègé kan, ó gbé e sókè, ó sì dúró. Ìyá wo ibi tó ń wò. Abẹ́ písà náà funfun báláú.

Kò kọ́kọ́ mọ ohun tó jẹ́. Lẹ́yìn náà ló wo ọwọ́ ara rẹ̀. Kí ohunkóhun tó wọ ààrò, ó gbọ́dọ̀ wọ́n fúláwà sórí páànù kó má baà lẹ̀. Kò rántí pé òun wọ́n ọn. Ọwọ́ ló dá a ṣe, ọwọ́ tó ti ń ṣe é láràárọ̀ kí wọ́n tó bí Elkanah.

Dàmọ́lá rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ẹ ṣé, Mummy," ó ní, ó sì gbé písà náà lọ sẹ́nu.

"Gbé e sílẹ̀."

Ìyá já a gbà lọ́wọ́ rẹ̀. "O rí i pé fúláwà ni."

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"O sì fẹ́ jẹ ẹ́."

Dàmọ́lá wolẹ̀. "Mi ò lè kọ oúnjẹ yín lẹ́ẹ̀mejì, mà."

Elkanah ń wo àwọn méjèèjì, kò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Láti àárọ̀ ni ìyá ti ń rò pé ọmọ yìí kò fẹ́ jẹ nǹkan òun. Ojú tì í, àánú ọmọ náà sì ṣe é.

Ó lọ sídìí omi, ó fi ọṣẹ fọ ọwọ́ dé ìgbọ̀nwọ́. Ó bọ́ aṣọ tó wọ̀ ní békìrì, ó wọ òmíràn. Lẹ́yìn náà, ó tún padà lọ fọ ọwọ́.

"Ṣé ẹ̀bà ò ní ṣe ọ́ ní nǹkan kan?" ó béèrè láti ibi tó wà.

"Rárá, mà."

"Elkanah, ìkòkò tuntun kan wà nínú yàrá mi, tí a ò tíì lò rí. Fọ ọwọ́ ẹ kó o tó gbé e wá. Ti ìyàwó wa nìyẹn, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fi se nǹkan mìíràn."

Ìgbà tó sọ ọ́ tán ló tó gbọ́ ohun tó sọ. Ó tún mú ọṣẹ.