Gọ́ọ̀sì Kọkànlélógún

Kò sẹ́ni tó tún ń rántí orúkọ tí bàbá nọ́ọ̀sì àgbà yìí sọ ọ́. Ìyá Ó-Pé ni gbogbo wọn ń pè é ní yàrá iṣẹ́ abẹ, látorí dókítà títí dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń nulẹ̀. Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ló ti fi ń ka gọ́ọ̀sì, aṣọ funfun pélébé tí wọ́n fi ń fa ẹ̀jẹ̀ nínú ara aláìsàn. Bí dókítà bá ti fẹ́ rán ikùn pa, á yíjú sí i: "Ìyá, ṣé ó pé?" Òun náà á gbé ohùn sókè: "Ó pé!" Bó bá ti ní ó pé, ó pé nìyẹn. Ta ni yóò bá a jiyàn?

Ẹ ò bá wo ojú rẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n gbé kámẹ́rà dé! Wọ́n gbé e kọ́ àjà, lókè tábìlì iṣẹ́, wọ́n sì so okùn rẹ̀ mọ́ kọ̀ǹpútà kan lára ògiri. Ọmọbìnrin tó ń tọ́jú ẹ̀rọ náà ṣàlàyé pé àwọn ti fi àwòrán gọ́ọ̀sì ẹgbẹẹgbẹ̀rún hàn án, èyí tó mọ́ àti èyí tó ti rin gbingbin fún ẹ̀jẹ̀, títí ó fi dá a mọ̀ níbikíbi tó bá ti rí i. Yóò ka èyí tó wọlé, yóò sì ka èyí tó jáde.

"Ó mà ṣeun o," ni Ìyá Ó-Pé wí. "Ṣé yóò máa bá mi jẹun náà?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n inú ń bí òun gan-an. Òfin ẹ̀rọ náà ló bí i nínú jù. Márùn-ún márùn-ún ni gọ́ọ̀sì máa ń wà nínú pákẹ́ẹ̀tì, okùn bébà á sì dì í láàárín. Pákẹ́ẹ̀tì ni Ìyá Ó-Pé ti máa ń kà látẹ̀yìn wá: pákẹ́ẹ̀tì mẹ́rin, ogún gọ́ọ̀sì, ọ̀rọ̀ bùṣe. Kámẹ́rà ò gbà. Àfi kó tú okùn, kó tẹ́ wọn sílẹ̀ lẹ́yọ kọ̀ọ̀kan bí ẹni tó ń sá aṣọ.

"Èmi tí mo lè kà á bí mo bá dijú," ló ń kùn, "ẹ̀rọ ló wá fẹ́ kọ́ mi ní oókan, eéjì."

Lọ́jọ́ tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, àbúrò rẹ̀ ló wà lórí tábìlì, àbíkẹ́yìn ìyá wọn. Ní ọdún mẹ́sàn-án sẹ́yìn, wọ́n gé kókó kan kúrò nínú ilé ọmọ rẹ̀ ní yàrá yìí kan náà, láti ìgbà náà ni inú ti ń run ún. Ó fi iṣẹ́ tíṣà sílẹ̀. Àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n sọ ọ́ ní Yéè-Inú-Mi. Ìyá Ó-Pé ló sì le jù nínú wọn. "Èmi tìkára mi ni mo ka gọ́ọ̀sì rẹ lọ́jọ́ náà," ló máa ń sọ fún un. "Kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Àṣejù tìẹ náà ti pọ̀, gbéra ńlẹ̀ jàre."

Ìgbà tí inú wá ń wú ni wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, tí wọ́n bá kókó kan tó tó ọsàn níbẹ̀. Síbẹ̀ náà, obìnrin yìí ní bí ẹ̀gbọ́n òun ò bá ní ka gọ́ọ̀sì, òun ò ní wọlé.

Dókítà la kókó náà, ọyún sì tú jáde. Òórùn gba gbogbo yàrá. Dókítà ki gọ́ọ̀sì mẹ́ta bọ ibẹ̀ kíákíá kó lè fa ọyún náà, ó tún kó gbogbo ohun tọ́wọ́ rẹ̀ bà jáde lẹ́ẹ̀kan náà, ó sì dà á sínú báàfù láìwò ó. Ó nu ibẹ̀, ó fọ̀ ọ́. Nígbà tó yá, ó mú abẹ́rẹ́ àti òwú.

"Ìyá, ṣé ó pé?"

Ìyá Ó-Pé fojú bu báàfù. "Ó pé!"

Ẹ̀rọ han. Pupa ni ojú kọ̀ǹpútà ń tàn: ogún wọlé, ọ̀kànlélógún jáde.

Ìyá Ó-Pé bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ ò rí ayé! Èyí tó bá sọnù ni wọ́n ní kó máa wá, ó ní gọ́ọ̀sì ń bímọ. Ẹ bá wa gbé e sọ̀ kalẹ̀ o."

Dókítà náà rẹ́rìn-ín. Ọmọbìnrin tó ń tọ́jú ẹ̀rọ nìkan ni kò rẹ́rìn-ín.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ bá mi yà wọ́n lọ́tọ̀ọ̀tọ̀."

Ìyá Ó-Pé ń yà wọ́n, ó ń kà á sókè kí ojú lè ti ọmọ náà. Ó dé ejìdínlógún. Ó dé ogún. Nǹkan kan ṣì kù nísàlẹ̀ báàfù.

Ó fi ẹ̀mú gbé e. Ó ti dúdú, ó ti ki pọ̀, ṣùgbọ́n gọ́ọ̀sì ni. Gbogbo gọ́ọ̀sì ló ní òwú kan tí wọ́n rán mọ́ ọn kí wọ́n lè dá a mọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀, búlúù sì ni ti gbogbo èyí tí wọ́n lò láàárọ̀ yẹn. Ó fi omi sí i, ó nù ún. Òwú rẹ̀ jáde, àwọ̀ ewé. Ó ti tó ọdún mẹ́jọ tí aláwọ̀ ewé ti tán nílé ìwòsàn yẹn.

"Yéè! Mo gbé!"

Ìyá Ó-Pé ló ké. Ẹ̀rín ti pòórá lẹ́nu gbogbo wọn. Dókítà, tí kò tíì sí níbẹ̀ ní ọdún mẹ́sàn-án sẹ́yìn, béèrè jẹ́ẹ́jẹ́ pé, "Ta ló kà á nígbà náà?"

Ìyá Ó-Pé ti mọ̀. Pákẹ́ẹ̀tì mẹ́rin ló kà lọ́jọ́ náà, kò tú okùn kankan. Ẹ̀rọ tó ń di gọ́ọ̀sì ti fi mẹ́fà sínú ọ̀kan nínú wọn. Ogún ló fẹnu kà wọlé, ogún ló bá nínú báàfù, ó ní ó pé, wọ́n sì rán inú àbúrò rẹ̀ pa mọ́ èyí tó kù. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹfà mà ju èje lọ! Ó gbé ẹ̀mú sílẹ̀, ó jáde síta. Ẹlòmíì ló bá wọn parí iṣẹ́.

Dókítà bá a ní kọ́rídọ̀. "Ìyá, ẹ jẹ́ kí n bá a sọ̀rọ̀. Mo lè sọ pé ọyún la bá níbẹ̀. Irọ́ kọ́."

Ìyá Ó-Pé kọjá lára rẹ̀, ó gba ọ̀nà wọ́ọ̀dù lọ.

Ó ti di ọ̀sán nígbà tí àbúrò rẹ̀ lajú ní wọ́ọ̀dù.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ẹ kà á?"

"Mo kà á."

"Ṣé ó pé?"

Ẹnu Ìyá Ó-Pé là, ọ̀rọ̀ tó ti ń sọ láti ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ò jáde.

"Ó lé kan," ló wí. "Èmi ni mo fi í sílẹ̀ síbẹ̀, ní ọdún mẹ́sàn-án sẹ́yìn." Ó sọ ọ̀rọ̀ pákẹ́ẹ̀tì, ó sọ ti òwú àwọ̀ ewé, kò fi ọ̀kan pa mọ́.

Àbúrò rẹ̀ ò wò ó. Àjà ló tẹjú mọ́. Ìyá Ó-Pé ń retí èébú, bó bá tilẹ̀ gbá a létí, yóò tẹ́ ẹ lọ́rùn.

"Àṣé òótọ́ ni," ni àbúrò rẹ̀ wí. "Inú ń run mí lóòótọ́."

"Òótọ́ ni."

"Kì í ṣe àṣejù."

"Kì í ṣe àṣejù, ọmọ ìyá mi. Dárí jì mí."

Àbúrò rẹ̀ bú sẹ́kún. Ó fọwọ́ di ikùn mú nítorí ẹkún, ẹkún ń dun ojú ọgbẹ́.

"Ẹ pe àwọn tó kù," ló wí. "Àwọn tó sọ mí ní Yéè-Inú-Mi. Ẹ sọ fún wọn, kí n máa gbọ́."

Ìyá Ó-Pé yọ fóònù. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í pè wọ́n, lẹ́yọ kọ̀ọ̀kan.