Àwa Èrò Inú Wáyà

Rẹ̀mí, olùkọ́ yunifásítì tó máa ń ra wáyà lọ́wọ́ mi ló fa àlá yìí. Ó ní irin kan wà tí àwọn kóró iná inú rẹ̀, àwọn nǹkan tín-ín-tín tó ń gbé iná kọjá, kórìíra ara wọn débi pé kò séyìí tó lè sún, iná ò sì ní kọjá, àfi tí wọ́n bá yọ díẹ̀ kúrò.

Ni mo bá bá ara mi nínú wáyà lójú àlá, èmi, Màmá wa àtàwọn ọmọ ìyá mi, oníkálukú lórí àpótí tirẹ̀. Oníbàárà fi gílóòbù dán wa wò, kò tàn.

Mo ní, "Ẹ sún!"

Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ìyá mi ní, "Ìwọ sún, ẹlẹ́nu bí abẹ!"

Mo rẹ́rìn-ín. Ni Màmá wa tí ara wọn ò yá bá dìde: "Ẹ má jà mọ́, mo ti ń lọ."

Bí wọ́n ṣe jáde, gbogbo wa ń ṣàn, gílóòbù sì tàn yòò.

Mo ti pe Màmá lẹ́ẹ̀mẹta láàárọ̀ yìí. Fóònù ń dún, wọn ò gbé e.