Bọ́kẹ́ẹ̀tì Mẹ́rìnlá

Omi ló kọ́kọ́ mú Ọmọ Onífíríìjì fura. Yàrá tí wọ́n to àwọn kọ̀ǹpútà ńláńlá sí kò ní fèrèsé. Ẹnikẹ́ni kì í wẹ̀ níbẹ̀, ẹnikẹ́ni kì í sì í dáná níbẹ̀. Ọ̀gbẹlẹ̀ tún mú débi pé ètè gbogbo òṣìṣẹ́ ti là. Síbẹ̀, páìpù ẹ̀yìn ẹ̀rọ amúlétutù kìíní ń da omi láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Níbo lomi yìí ti ń wá?

Ó gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì pupa kan sábẹ́ páìpù náà, ó ń kà á bó ṣe ń kún. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi ṣe yẹ̀yẹ́ títí. Wọ́n ní kó rọra o, kó má lọ bẹ̀rẹ̀ sí í pọn omi tà. Ó ń ka omi rẹ̀ lọ ní tirẹ̀. Ẹni tó máa jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké.

Ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ kúkú ju yẹ̀yẹ́ lọ. Ẹ̀rọ amúlétutù mẹ́ta ló ń ṣiṣẹ́ tọ̀sán-tòru nínú yàrá náà, síbẹ̀ ooru igun ọ̀tún ti dé ìwọ̀n mọ́kànlélọ́gbọ̀n, bẹ́ẹ̀ kò gbọdọ̀ kọjá mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n. Lọ́jọ́ Ẹtì, obìnrin tó ń bójú tó àkọsílẹ̀ ilé ìwòsàn ńlá kan ń bọ̀ wá wò ó bóyá òun lè kó kọ̀ǹpútà wọn wá síbẹ̀. Bí kò bá gbà, wọ́n á ti yàrá náà pa, òṣìṣẹ́ mọ́kànlá á sì lọ sílé. Ọmọ Onífíríìjì ni wọ́n gbà kẹ́yìn. Ọdún márùn-ún ló fi wá iṣẹ́ yìí, ó sì fẹ́ràn rẹ̀ tọkàntọkàn.

Èèyàn dáadáa ni Ọ̀gá, olórí àwọn ẹnjiníà, àmọ́ tó bá ti di ọ̀rọ̀ amúlétutù, etí rẹ̀ a di. Ẹ̀rọ kejì ló fẹ́ràn jù, nítorí pé òun ló ń pariwo jù. "Ẹ wo òṣìṣẹ́!" ló máa ń wí, a sì máa fọwọ́ gbá a lẹ́yìn pẹ́pẹ́. Ẹ̀rọ kẹrin ló tún fẹ́ kí wọ́n rà. Ta ni yóò gbé e? Ẹrù ti kún ọrùn jẹnẹrétọ̀.

Ọmọ Onífíríìjì gbé ọ̀rọ̀ náà lọ bá bàbá rẹ̀, tí ojú rẹ̀ ti ń ṣe bàìbàì, tí kò lè tún fíríìjì ṣe mọ́.

"Omi tó jáde níbì kan, ó níbi tó gbà wọlé," ni bàbá wí. "Ẹ̀rọ wo ló ń mu omi níbẹ̀?"

"Ẹ̀kejì ni, Bàámi. Tí atẹ́gùn bá ti gbẹ jù, ó máa ń se omi, kí ooru omi náà lè rọ̀ ọ́. Atẹ́gùn gbígbẹ máa ń ba kọ̀ǹpútà jẹ́."

"Ó ń se omi? Nínú yàrá tẹ́ ẹ fẹ́ kó tutù?" Bàbá rẹ́rìn-ín títí ó fi bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́. "Ọmọ mi, lọ ka ìyẹn náà."

Ó kà á. Bọ́kẹ́ẹ̀tì mẹ́rìnlá ni ẹ̀rọ kejì ń mu lóòjọ́, bọ́kẹ́ẹ̀tì mẹ́rìnlá ni ẹ̀rọ kìíní sì ń dà jáde. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ! Ojú tí ẹ̀rọ kejì fi ń wo atẹ́gùn ti bàjẹ́, ó ń purọ́ fún un pé yàrá ti gbẹ. Bó ṣe ń se omi ni ẹ̀rọ kìíní ń fa omi ọ̀hún kúrò, wọ́n ń bára wọn jà bí orogún, ooru ìjà náà sì ń lọ tààrà sí igun ọ̀tún.

"Ẹ jẹ́ ká pa ẹ̀rọ kejì, sà," ló wí fún Ọ̀gá.

"Yàrá ń gbóná, o ní ká pa amúlétutù? Ṣé orí ẹ pé ṣá?"

Ẹ̀ẹ̀mẹta ló bẹ̀ ẹ́, ẹ̀ẹ̀mẹta ló kọ̀. Ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ pa ẹ̀rọ kankan láìjẹ́ pé Ọ̀gá fọwọ́ sí i.

Ọjọ́ Ẹtì pé. Obìnrin ilé ìwòsàn náà wo ojú ẹ̀rọ tó ń ka ooru: mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Ó pa ìwé rẹ̀ dé. "Ẹ ṣé o. A kì í fi iná sórí òrùlé sùn. Mi ò lè kó àkọsílẹ̀ àwọn aláìsàn wá síbí." Ó kọjú sí ilẹ̀kùn.

Ọmọ Onífíríìjì bọ́ síwájú.

"Mà, ẹ jọ̀ọ́, ogún ìṣẹ́jú péré." Ó bọ́ káàdì iṣẹ́ rẹ̀ lọ́rùn, ó fi lé Ọ̀gá lọ́wọ́. "Sà, ẹ jẹ́ n pa á. Bí ooru yìí bá fi ẹyọ kan ṣoṣo lé sí i, ẹ má wulẹ̀ dá a padà fún mi."

Ọ̀gá wo káàdì, ó wo ilẹ̀kùn. Òógùn ń bọ́ lójú rẹ̀. Ó fọwọ́ sí ìwé àṣẹ. "Pa á."

Ó pa á. Ó ti tó ọdún kan tí yàrá náà ti pa rọ́rọ́ bẹ́ẹ̀ gbẹ̀yìn. Ìṣẹ́jú márùn-ún kọjá: mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Ẹnìkan wúkọ́. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá: ọgbọ̀n. Obìnrin náà sún mọ́ ẹ̀rọ tó ń ka ooru. Mọ́kàndínlọ́gbọ̀n. Méjìdínlọ́gbọ̀n. Nígbà tí ogún ìṣẹ́jú fi máa pé, ó ti di mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, ariwo ayọ̀ sì sọ.

Obìnrin náà tọ́ka sílẹ̀. "Kí ni bọ́kẹ́ẹ̀tì ń ṣe níbí?"

Gbogbo ojú bọ́ sára Ọ̀gá. Ó fi káàdì náà kọ́ Ọmọ Onífíríìjì lọ́rùn padà fúnra rẹ̀.

"Ẹ bi ẹnjiníà wa, mà," ló wí. Kò pè é bẹ́ẹ̀ rí.

Ọmọ Onífíríìjì ṣàlàyé fún un, obìnrin náà sì ṣí ìwé rẹ̀ padà, ó bi wọ́n léèrè ọjọ́ tí àwọn lè bẹ̀rẹ̀ sí í kó ẹrù bọ̀. Kò pẹ́ tí obìnrin náà jáde ni ọ̀kan nínú àwọn ẹlẹgbẹ́ wo inú bọ́kẹ́ẹ̀tì tí omi ò kán sí mọ́, ó figbe ta: "Yéè! Ta ló máa wá pọn omi tà fún wa báyìí?"

Ọmọ Onífíríìjì rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Kò ka omi yẹn.