Bẹ́ǹṣì Ìta Yàrá Ìbímọ

Ìyá Agbẹ̀bí ló fẹnu ara rẹ̀ ṣòfin ilé ìgbẹ̀bí yẹn: ẹni tó bí aláboyún kò gbọdọ̀ gbẹ̀bí fún un, nítorí ọwọ́ ìyá máa ń gbọ̀n. Ẹ wò ó, òfin a máa dùn ún ṣe fún ẹlòmíì. Lọ́sàn-án ọjọ́ tí mò ń wí yìí, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo ló ń rọbí nínú yàrá, òun alára wà lórí bẹ́ǹṣì níta pẹ̀lú ọkọ ọmọ.

Agbẹ̀bí tí Ìyá fúnra rẹ̀ kọ́ níṣẹ́ ló lé e síta, èyí tí wọ́n ń pè ní Kékeré, bẹ́ẹ̀ abiyamọ ọlọ́mọ mẹ́ta ni. Ìyá ti nawọ́ sí ikùn ọmọ rẹ̀ kí Kékeré tó di ọwọ́ náà mú.

"Ìyá mi, ọwọ́ yín tutù."

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn ún dọ́kàn. Níbẹ̀, ẹnikẹ́ni kì í fọwọ́ tútù kan aláboyún; wọ́n á kọ́kọ́ ra ọwọ́ pọ̀ títí yóò fi lọ́wọ́ọ́rọ́. Òun ló kọ́ wọn, òun ló wá gbàgbé.

"Mọ́mì, bẹ́ǹṣì yìí mà le o," ọkọ ọmọ ní.

"Mi ò mọ̀. Mi ò jókòó síbí rí."

Ẹ̀rù ń bà á, kí n má purọ́ fún yín. Nígboro yìí kan náà, nínú yàrá kan tí wọ́n háyà lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, ni wọ́n ti bí òun náà, nígbà tí agbẹ̀bí ò tíì kárí. Kí wọ́n tó rí ẹni pè, ẹ̀pa ò bóró mọ́. Wọ́n gbóhùn ọmọ, wọn ò gbóhùn ìyá. Ìdí tó fi kọ́ṣẹ́ nìyẹn.

Ni ìkókó bá figbe ta nínú yàrá. Ọkọ ọmọ fò sókè, ó ń rẹ́rìn-ín. Ìyá ò rẹ́rìn-ín. Ohùn kan ṣoṣo ló gbọ́. Ó rìn dé ẹnu ilẹ̀kùn, ó fọwọ́ lé e, àmọ́ ó mọ̀ pé bí òun bá já wọlé, ọwọ́ Kékeré náà lè gbọ̀n. Ó padà jókòó, omi sì lé ròrò sójú rẹ̀.

"Ẹni tó wà níbẹ̀ mọṣẹ́," ó sọ fún ọkọ ọmọ, bí ẹni ń bẹ̀bẹ̀. "Èmi ni mo kọ́ ọ."

Ìgbà náà ni wọ́n gbọ́ ohùn tó ti rẹ̀ láti inú yàrá: "Ṣé Mọ́mì mi ò tíì já ilẹ̀kùn yẹn ni?"

Kékeré gbọ́mọ jáde. "Ìyá mi, a gbóhùn ìyá, a gbóhùn ọmọ."

Ìyá nawọ́, ó tún yára fà á padà. "Ó ṣì tutù."

Kékeré gbé ọmọ fún bàbá rẹ̀, ó kúnlẹ̀ síwájú bẹ́ǹṣì, ó sì ń ra ọwọ́ arúgbó náà láàárín ọwọ́ tirẹ̀ méjèèjì, jẹ́jẹ́, bí wọ́n ṣe kọ́ ọ.

"Ó ti tó báyìí," ó ní. "Ẹ gba ọmọ yín."