Káàdì Ọkọ Mi Bọ̀rọ̀kìnní

Ìgbà mẹ́rin ni Akeem tẹ nọ́ńbà ojú káàdì Phebe sórí ìkànnì àwọn òyìnbó tí wọ́n ti ń ta tíkẹ́ẹ̀tì bàálù. Ìgbà mẹ́rin náà ni ìkànnì ọ̀hún dá a padà. Akeem ló ni ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà tó wà ní Ìmọ̀, n'Íléṣà, ẹ̀gbẹ́ ibi tí Phebe ti ń ránṣọ.

"Mọ́mì, káàdì ilé ni tiyín," ó ní. "Náírà nìkan ló mọ̀. Ẹ wá ẹni tó ní káàdì dọ́là kó bá yín rà á, kẹ́ ẹ fún un lówó."

"Kò lè dá wàhálà sílẹ̀?" Gbogbo ohun tí wọ́n bá ń ṣe lójú gíláàsì ló máa ń ba Phebe lẹ́rù. Ìwé mẹ́fà ló kà, ó sì ti gbàgbé èyí tó pọ̀ níbẹ̀.

"Kò sí wàhálà. Ṣùgbọ́n kó jẹ́ ẹni tẹ́ ẹ fọkàn tán o. Ẹni tó ni káàdì ló ni tíkẹ́ẹ̀tì lójú wọn. Bó bá dá a padà, inú káàdì tiẹ̀ lowó ń lọ."

Phebe gbọ́ ọ, àmọ́ kò dúró lọ́kàn rẹ̀. Wúrà ló wà lọ́kàn rẹ̀. Wúrà, ọmọ kan ṣoṣo tó bí, wà ní Kánádà pẹ̀lú oyún oṣù mẹ́jọ, ọkọ rẹ̀ ti kó ẹrù jáde. Oyún àkọ́kọ́ ti kú sí i nínú. Èyí, iṣẹ́ abẹ ni wọ́n fẹ́ fi gbé e jáde, lọ́jọ́ Ajé tó ń bọ̀, kò sì sí ẹni tó máa dì í lápá mú bó bá jí. Físà Phebe ti jáde. Tíkẹ́ẹ̀tì ló kù. Iye tí àwọn tó ń tà á ní Ìbàdàn ń pè fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì ti orí ìkànnì, ti orí ìkànnì yẹn gan-an, ó ta ẹ̀rọ ìránṣọ méjì nínú mẹ́ta kó tó ká a.

Ẹni tó fọkàn tán ni Barnabas Adédìran, àbúrò Silas ọkọ rẹ̀ tó ti kú. Barnabas ń ra góòlù lọ́wọ́ àwọn tó ń wà á ní Itagunmodi, ó sì ní káàdì dọ́là. Ọmọ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni nígbà tí wọ́n gbé Phebe wọlé. Phebe ló ń fọ yúnífọ́ọ̀mù rẹ̀. Síbẹ̀ ọkọ ni í ṣe fún un, torí ilé ló bá a, ìyàwó kì í sì í pe irú wọn lórúkọ. Bọ̀rọ̀kìnní ló ń pè é láti ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n.

Nítorí náà, nígbà tó kó owó lé e lọ́wọ́, àwọn méjèèjì nìkan ló wà nínú mọ́tò rẹ̀. Kò mú ẹnikẹ́ni dání. Bí ìyàwó bá mú ẹlẹ́rìí wá síwájú ọkọ, wọ́n á ní ó ń pè é lólè ni. Kò gba ìwé, kò tún owó náà kà lójú rẹ̀. Bọ̀rọ̀kìnní ra tíkẹ́ẹ̀tì lọ́jọ́ náà, ó fi hàn án. Phebe kúnlẹ̀ lórí yẹ̀pẹ̀, ó dúpẹ́.

Ní àárọ̀ Ọjọ́rú, bàálù ku ọjọ́ méjì, Bọ̀rọ̀kìnní pè é. "Wá sí Ọ̀fàtẹ̀dó. Ọ̀rọ̀ tíkẹ́ẹ̀tì ẹ ni."

Phebe wọkọ̀ dé Òṣogbo, ó gun ọ̀kadà dé ilé tuntun tí Bọ̀rọ̀kìnní kọ́. Cecilia, ìyàwó rẹ̀, ló ṣílẹ̀kùn. Ó kúnlẹ̀ kí i dáadáa.

"Ìyàwó, jókòó," Bọ̀rọ̀kìnní wí.

Phebe jókòó sétí àga.

Ó na fóònù sí i. Phebe rí àwòrán bàálù, ó rí orúkọ ara rẹ̀, ó mọ ìyẹn. Ọ̀rọ̀ òyìnbó kan wà lókè tí wọ́n fi pupa kọ. Kò mọ ìyẹn.

"O rí pupa yẹn? Ọwọ́ mi ni tíkẹ́ẹ̀tì ẹ wà. Ẹni tó ni káàdì ló ń pàṣẹ." Ó ti bébà kan sórí tábìlì. "Oko kòkó Ìbòkun. Ẹnì kan ti fẹ́ rà á. Kọ orúkọ ẹ síbẹ̀ pé o ti yọwọ́ níbẹ̀, ìwọ àti ọmọ ẹ."

Oko ọ̀hún ni ohun kan ṣoṣo tí Silas fi sílẹ̀ fún Wúrà yàtọ̀ sí ilé tí Phebe ń gbé ní Ìmọ̀.

"Bọ̀rọ̀kìnní, ẹ̀gbọ́n yín ló sọ pé..."

"Ẹ̀gbọ́n mi wà nínú sàréè. Lọ bi í."

"Ìyáálé mi," Cecilia dá sí i, ohùn rẹ̀ dùn, "ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ ọ́. Kí ni wọ́n fẹ́ fi kòkó ṣe ní Kánádà? Àbí inú yìnyín ni Wúrà fẹ́ gbìn ín sí?" Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi nujú.

Phebe wo pupa ojú fóònù. Ọjọ́ Ajé ni wọ́n máa la Wúrà nínú. Ó mú bírò, ó kọ orúkọ rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, lẹ́tà kan lẹ́yìn òmíràn. Bọ̀rọ̀kìnní fẹ́ atẹ́gùn sí i kó gbẹ, ó ká a, ó fi í sápò.

"Ó ṣeun. Tíkẹ́ẹ̀tì yẹn ṣá, mo ti dá a padà lánàá."

Phebe kò lóye. Ó ń wo ẹnu rẹ̀.

"Pupa yẹn ló ń sọ ọ́. Wọ́n ti fagi lé e. O ò rí i kà ni? Mo rò pé wàá ṣorí kunkun, mo sì nílò owó, góòlù kan wọlé ní Itagunmodi. Ká ní mo ti pè ọ́ lánàá ni."

"Owó mi ni! Mo kó o fún yín nínú mọ́tò!"

"Ta ló wà níbẹ̀?"

Ẹnu Phebe là, nǹkan tí kò jáde níbẹ̀ rí jáde. "Barnabas! Barnabas Adédìran, kí ni mo fi ṣe ẹ́?"

Cecilia ki ọwọ́ bọnu. "Yéè! Ẹ pe ọkọ lórúkọ?"

Bọ̀rọ̀kìnní kò bínú. Ńṣe ló ń rẹ́rìn-ín. "Cecilia, o gbọ́? Èmi ní ẹlẹ́rìí tèmi. Bí mo bá dé Iléṣà, tí mo ròyìn èyí fún àwọn ọmọ ilé, ta ni wọ́n máa gbọ́ tiẹ̀ nínú àwa méjèèjì?"

Fóònù Phebe dún. Wúrà ni.

"Gbé e," Bọ̀rọ̀kìnní wí. "Àbí kí n bá ọ gbé e?"

"Ìyá mi, ṣé ẹ ti di ẹrù?" Wúrà ń mí gúlegúle. "Ẹ má gbàgbé ọṣẹ dúdú o. Mi ò sùn mọ́, ẹ̀rù ń bà mí. Ó ku ọjọ́ méjì, àbí?"

"Ọjọ́ méjì ni, ọmọ mi. Mo ti di ẹrù."

"Ẹ bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ Dádì Ọ̀fàtẹ̀dó."

"Wọ́n ń gbọ́ ọ."

Nígbà tí fóònù kú, Phebe rò ó yíká. Akeem kò ní irú káàdì yẹn. Kò sí ẹni tó ní in ní ṣọ́ọ̀ṣì, kò sí ní àdúgbò. Ọ̀kan ṣoṣo tó mọ̀ ló wà nínú àpò ẹni tó jókòó sí iwájú rẹ̀ yìí. Ó kúnlẹ̀ lórí tááìsì.

"Ọkọ mi, ẹ má bínú. Ẹnu mi ló yọ̀. Ẹ bá mi rà á padà."

"Ta ni mò ń jẹ́?"

"Bọ̀rọ̀kìnní."

"Pariwo ẹ̀ kí Cecilia gbọ́."

"Bọ̀rọ̀kìnní!"

Ó gbé fóònù, ó fi àtàǹpàkò gbá ojú rẹ̀ sókè sódò. "Ó ti wọ́n sí i. Ìwé ilé Ìmọ̀ ńkọ́?"

"Ó wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi."

"Lọ mú un wá. Lẹ́yìn náà, màá wo ohun tí mo lè ṣe."

Phebe dìde. "Ẹ rọra o, ìyáálé mi," Cecilia wí, "tááìsì yẹn ń yọ̀." Ó sìn ín dé ẹnu géètì, ó tún kúnlẹ̀ kí i pé ó dàbọ̀.

Lórí ọ̀kadà, ètè Phebe kò dúró. Bọ̀rọ̀kìnní, ó ń wí, Bọ̀rọ̀kìnní, Bọ̀rọ̀kìnní, kí ẹnu rẹ̀ má baà tún yọ̀ bó bá padà dé.