Ẹ̀rọ Tó Kúnlẹ̀ fún Ìyá Àgbà

Ohun mẹ́rin ló wọ́ mọ́ mi lọ́wọ́. Pọ́ǹpù àkọ́kọ́ fọ́n omi sí ògiri. Èkejì kò lè mí láìsí NẸ́PÀ. Mo gé ẹsẹ̀ àpótí, omi kún yàrá. Ẹ̀kẹrin kì í ṣe ọ̀rọ̀ pọ́ǹpù rárá, òun ló sì dùn mí jù.

Ọdún 2003 ni, ní Ayédé-Èkìtì, nígbà ọyẹ́. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ẹ̀kọ́ nípa iná mànàmáná ní pólì ni, mo ń retí ìwé ìpè àgùnbánirọ̀, mo sì wá ń gbé lọ́dọ̀ Ìyá Àgbà Sèínábù, ìyá tó bí bàbá mi. Ilé Bàbá Múyìwá, ẹ̀gbọ́n bàbá mi, ni Ìyá Àgbà ń gbé. Àìsàn rọpárọsẹ̀ ti fọwọ́ ba apá àti ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀. Ọwọ́ náà lè di ife mú, ṣùgbọ́n kò lè gbé igbá omi jáde nínú àmù, Ìyá Àgbà kò sì jẹ́ fi ọwọ́ òsì bu omi mu, bí ọ̀fun rẹ̀ tilẹ̀ gbẹ bí èèpo ẹ̀pà. Ìyá Múyìwá, ìyàwó ilé, ló ń bù ú fún un: ààbọ̀ ife láàárọ̀, ààbọ̀ ife nírọ̀lẹ́.

Lẹ́ẹ̀mejì lóòyì ti gbé Ìyá Àgbà ṣubú. Nọ́ọ̀sì Florence wá wò ó, ó fi ìka méjì fa awọ ẹ̀yìn ọwọ́ rẹ̀ sókè. Awọ náà dúró sókè bẹ́ẹ̀, kò tètè padà.

Ó ní, “Òùngbẹ ni èyí. Bí ìyá yìí kò bá mu ife omi mẹ́fà lóòjọ́, kíndìnrín rẹ̀ yóò dáṣẹ́ sílẹ̀.”

Inú bí mi. Mo dá Ìyá Múyìwá lẹ́bi nínú ọkàn mi láìgbọ́ tẹnu rẹ̀. Mo pinnu pé n óò ṣe ẹ̀rọ kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn, tí Ìyá Àgbà yóò kàn tẹ bọ́tìnnì rẹ̀, tí omi yóò sì bọ́ sínú ife láìsí pé ó bẹ ẹnikẹ́ni.

Mo gun ọ̀kadà lọ sí Òyè, lọ́dọ̀ Kọ́lá tó ń tún wáyà mọ́tò ṣe. Ó fún mi ní pọ́ǹpù kékeré tuntun kan, irú èyí tó máa ń ta omi sí gíláàsì iwájú ọkọ̀. Bátìrì mọ́tò ló ń lò. Èyí tẹ́ mi lọ́rùn. Mo so ó mọ́ kẹ́ẹ̀gì omi, mo gbé gbogbo rẹ̀ sínú àpótí onígi ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin, mo tẹ bọ́tìnnì. Omi fò kọjá ife, ó fò kọjá ibùsùn, ó lu kàlẹ́ńdà mọ́ṣáláṣí lára ògiri.

Nígbà tí mo padà lọ sọ fún Kọ́lá, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sórí táyà. “Ẹnjiníà! Ṣé omi lo fẹ́ fún màmá mu ni, àbí iná lo fẹ́ pa?”

Mo lọ sí Adó, mo ra irú pọ́ǹpù tí wọ́n ń lò nínú àpótí gíláàsì tí wọ́n ń sin ẹja ọ̀ṣọ́ sí. Omi rẹ̀ rọra ń ṣàn, ṣùgbọ́n iná ilé nìkan ló ń jẹ. Ọjọ́ márùn-ún gbáko ni a kò rí NẸ́PÀ. Pọ́ǹpù tó ń dúró de ìjọba kọ́ ni Ìyá Àgbà nílò. Mo padà sí ti àkọ́kọ́, mo so gílóòbù iná mọ́tò kan sójú wáyà rẹ̀ kí agbára rẹ̀ lè dín kù. Ó gbọ́ràn. Omi ń bọ́ sínú ife jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́.

Ìyá Àgbà wo ẹ̀rọ náà láti òkè délẹ̀. “Àṣàkẹ́, uṣẹ́ rẹ dáa. Ṣùgbọ́n ta ló kọ́ eléyìí nílé? Ó nàró ṣánṣán, ó ń fún àgbà lómi! Ọmọ ulé mi kan kò fún mi lómi lórí ìdúró rí.”

“Ìyá Àgbà, ẹ̀rọ ni.”

“Kó kúnlẹ̀, ẹ̀rọ!”

Mo gé ẹsẹ̀ àpótí náà kúrú, mo yọ kẹ́ẹ̀gì sórí àga gíga kan kó lè wà bó ṣe ga tẹ́lẹ̀, mo sì tẹ ẹnu rọ́bà tí omi ń gbà jáde ba nísàlẹ̀ bí ẹni tó ń na ife síwájú lórí ìkúnlẹ̀. Ìyá Àgbà rẹ́rìn-ín, ó sì súre fún un. Lọ́sàn-án ọjọ́ náà gan-an, a lọ kírun Jímọ̀, a fi Ìyá Àgbà àti ẹ̀rọ rẹ̀ sílẹ̀. Nígbà tí a dé, omi ti kún yàrá, ẹní ìkírun ń léfòó, Ìyá Àgbà sì káwọ́ gbera lórí ibùsùn.

Ó ní, “Ó ti kúnlẹ̀ tán, kò mọ ìgbà tó yẹ kó dìde.”

Ojú tì mí. Èmi tí mo kàwé gboyè gbàgbé pé bí ẹnu rọ́bà bá ti rẹlẹ̀ ju omi inú kẹ́ẹ̀gì lọ, omi tó bá ti gbọ̀nà kò nílò pọ́ǹpù mọ́. Yóò máa lọ ni. Abẹ̀bẹ̀ kékeré ló wà nínú pọ́ǹpù yẹn, kò lè ti ilẹ̀kùn mọ́ omi. Ẹ̀rọ tí yóò kúnlẹ̀ nílò pọ́ǹpù tó lè pa ẹnu rẹ̀ mọ́.

Ọwọ́ Kọ́lá ni mo ti rí i. Ó ń fa bẹntiróòlù nínú rọ́bà kan. Ó fi ìka méjì fún rọ́bà náà, ó ń fi ìka fún un lọ síwájú, bẹntiróòlù sì ń sá níwájú ìka. Bí ó bá dá ìka dúró, bẹntiróòlù kò lè lọ, kò sì lè bọ̀. Mo kígbe. Mo ra mọ́tò wáípà, ẹ̀rọ kékeré tó ń yí ohun tí ń nu gíláàsì ọkọ̀, lọ́wọ́ rẹ̀, nítorí pé ó ń yí díẹ̀díẹ̀, ó sì lágbára. Mo yọ róólà kékeré mẹ́ta tó máa ń yí fa téèpù lára àwọn rédíò kásẹ́ẹ̀tì tó ti kú, mo tò wọ́n yí orí mọ́tò náà ká, Nọ́ọ̀sì Florence sì fún mi ní rọ́bà rírọ̀ tuntun. Róólà ń fún rọ́bà, omi ń lọ. Mọ́tò dúró, róólà dúró lórí rọ́bà, ẹ̀kán omi kan kò jò. Omi kò tilẹ̀ fara kan irin.

Ọ̀sẹ̀ kan gbáko, Bàbá Múyìwá ń mú àlejò wọlé wá wò ó. “Ọmọ wa ló ṣe é! Ẹ wo bó ṣe kúnlẹ̀!” Omi inú kẹ́ẹ̀gì ń fi ife mẹ́fà dín kù lójoojúmọ́. Síbẹ̀ òòyì tún gbé Ìyá Àgbà.

Mo lọ dúró lẹ́yìn fèrèsé. Ìyá Àgbà tẹ bọ́tìnnì, ife kún, ó tọ́ ọ wò lẹ́ẹ̀kan, ó sì da ìyókù gba ojú fèrèsé kejì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn sínú abọ́ àgbò Iléyá tí wọ́n so síta. Àgbò náà ti sanra.

“Ìyá Àgbà! Ẹ ò fẹ́ràn ẹ̀rọ náà ni?”

“Mo fẹ́ràn rẹ̀, ọmọ mi. Nítorí rẹ ni mo ṣe ń tẹ̀ ẹ́.” Ó na ọwọ́ sí ẹ̀yìn ilé. “Bí mo bá mu ún, ta ni yóò gbé mi lọ sọ́hùn-ún? Ràṣídátù, ìyá Múyìwá, ló ń pọ̀n mí lọ láti ọdún tó kọjá. Ẹ̀yìn ń dun ọmọ ọlọ́mọ. Èmi ni mo ní kó máa bu ààbọ̀ ife. Mi ò sì lè fi póò sínú yàrá tí mo ti ń kírun.”

Mo jáde, mo ka ìṣísẹ̀ láti ibùsùn rẹ̀ kọjá pèpéle tí wọ́n ń sá kòkó sí títí dé ṣáláńgá. Mẹ́tàlélọ́gọ́ta ni. Pọ́ǹpù mẹ́ta ni mo ti wọ̀n, n kò wọn ọ̀nà yìí.

Mo lọ bẹ Ìyá Múyìwá. Ó fọwọ́ mú ẹ̀yìn rẹ̀, ó ní, “Ojú burúkú tí o ń wò mí yẹn, mo rò pé wọ́n kọ́ ọ ní pólì ni.” Ó rẹ́rìn-ín, ó sì gbá mi mọ́ra.

Nígbà náà ni mo lọ bá Bàbá Múyìwá ní pálọ̀, tó ń sọ̀rọ̀ ẹ̀rọ mi fún àlejò méjì. Mo kúnlẹ̀. Mo ní:

“Bàbá Múyìwá, ìyá yín ń fi òùngbẹ pa ara rẹ̀ kí ẹ̀yìn ìyàwó yín má baà kán. Igba búlọ́ọ̀kù wà níwájú ilé yìí tí ẹ fẹ́ fi mọ ọgbà fún ẹwà. Ẹ fi wọ́n kọ́ ilé ìyàgbẹ́ sí ara ògiri yàrá ìyá yín, kí ẹ sì la ilẹ̀kùn sí i láti inú. Ọjọ́ wo ni wọn yóò bẹ̀rẹ̀ sí gbẹ́ ilẹ̀? Ẹ dárúkọ ọjọ́ náà níwájú àwọn bàbá wọ̀nyí, nítorí n kò ní dìde lórí ìkúnlẹ̀ títí ẹ ó fi dárúkọ rẹ̀.”