Oyè Orúnkún

Ẹgbẹ́ kan wà lórí fóònù tí ìyàwó mi wà nínú rẹ̀. Ẹgbẹ́ Onírora Orúnkún ni wọ́n ń pè é. Ẹni tí orúnkún kò bá dùn kò lè wọ ibẹ̀, ẹni tó bá sì wọ ibẹ̀, bí orúnkún rẹ̀ bá ṣe ń dùn ún tó ni wọ́n ṣe máa bọ̀wọ̀ fún un tó. Ẹ rẹ́rìn-ín tó bá wù yín. Èmi náà rẹ́rìn-ín nígbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́.

Télọ̀ ni ìyàwó mi. Ó lé lógún ọdún tó ti ń fi ẹsẹ̀ ọ̀tún tẹ máṣíìnì kí orúnkún ẹsẹ̀ náà tó sọ pé ó tó gẹ́ẹ́. Èmi ń tún aago ṣe ní yàrá iwájú, òun ń ránṣọ ní yàrá ẹ̀yìn. Tó bá di ìrọ̀lẹ́, àwa méjèèjì á ti ilẹ̀kùn, a ó rìn títí dé ìdí afárá, a ó sì rìn padà. Kì í ṣe nǹkan bàbàrà. A kì í sọ̀rọ̀ ìfẹ́ kankan lójú ọ̀nà, oníbàárà tó yọ wá lẹ́nu lọ́jọ́ náà la máa ń bú. Ṣùgbọ́n nígbà tí orúnkún dá ìrìn yẹn dúró, ó dùn mí ju bí mo ṣe lè sọ fún un lọ. Mo gbìyànjú láti máa dá rìn. Ẹni tó bá sì ń dá bú oníbàárà lójú títì, wèrè ni wọ́n máa pè é.

Ọmọbìnrin wa àgbà ló fi ìyá rẹ̀ sínú ẹgbẹ́ náà kó lè rí ẹni bá sọ̀rọ̀. Ó rí wọn, wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ẹgbẹ̀rin. Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, Àlejò ni. Tí ìrora rẹ̀ bá pé ọdún kan, ó di Ọmọ Ilé. Ẹni tó bá ń fi ọ̀pá rìn ti di Olóyè, wọ́n á ya ọ̀pá kékeré sí ẹ̀gbẹ́ orúkọ rẹ̀. Ẹni tí kò bá wá lè gun àtẹ̀gùn mọ́ rárá, Baba Ẹgbẹ́ tàbí Ìyá Ẹgbẹ́ nìyẹn, kò sì sí ọlá kankan tó kù lókè rẹ̀ àfi kó kú. Àwòrán eegun tí wọ́n yà nílé ìwòsàn ni wọ́n fi ń han ara wọn bí ẹni ń fi fọ́tò ìgbéyàwó han àlejò. "Ẹ wo eegun Ìyá! Ẹ wo bó ṣe jẹrà! Ọlọ́run ló ń dá wọn sí o!" Ìyàwó mi á gbé fóònù sún mọ́ ojú, á rẹ́rìn-ín músẹ́.

Mi ò bínú sí i. Ẹni tó ti fi ogún ọdún ránṣọ fún àwọn tí kì í dúpẹ́, tó wá rí ẹgbẹ̀rin ènìyàn tó ń kí i láràárọ̀, ẹ jẹ́ kó jayé orí rẹ̀. Wàhálà ibẹ̀ ni pé ìsàlẹ̀ pátápátá la ń gbé nínú ilé alájà mẹ́rin. Ògiri ibẹ̀ nípọn, nẹ́tíwọ́ọ̀kì kì í wọlé. Orí òrùlé, níbi tí àwọn ayálégbé ń sá aṣọ sí, nìkan ló ti ń já geere. Bí mo ṣe di ìránṣẹ́ nìyẹn. Ìyàwó mi á sọ̀rọ̀ sínú fóònù nísàlẹ̀ pé àtẹ̀gùn ti di ọ̀tá òun, èmi á wá gbé fóònù gun àtẹ̀gùn méjìlélọ́gọ́ta kí ọ̀rọ̀ náà lè lọ. Màá dúró láàárín ṣòkòtò ẹlòmíràn tó ń kán omi sí mi lórí, màá retí èsì, màá sì gbé èsì sọ̀kalẹ̀. Lọ́jọ́ tí wọ́n fi í jẹ Ìyá Ẹgbẹ́, ẹ̀ẹ̀mẹsàn-án ni mo gun òkè. Orúnkún tèmi ni kò láyọ̀ lọ́jọ́ náà.

Ó wá ṣẹlẹ̀ pé ilé ìwòsàn gba obìnrin kan tó ń fi ìdárayá wo ẹsẹ̀, ọmọ wa sì fi túláàsì mú ìyá rẹ̀ lọ síbẹ̀. Obìnrin náà kò fún un lóògùn. Ó ní kó jókòó sórí àga, kó na ẹsẹ̀ gbọọrọ, kó ka ení títí dé ẹẹ́wàá, kó sọ ọ́ kalẹ̀. Ogún ìgbà láàárọ̀, ogún ìgbà nírọ̀lẹ́. Tìbínú-tìbínú ni ìyàwó mi fi délé.

"Àìsàn ọdún méjì! Àga ni wọ́n ní kí n fi wò ó!"

Ṣùgbọ́n ọmọ wa ń yà láràárọ̀ kó tó lọ síbi iṣẹ́, ó ń dúró tì í bíi tíṣà tó mú pàṣán lọ́wọ́. Ìyá kò ríbi sá sí.

Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ keje, ìyàwó mi sọ fún mi pé, "Baálé mi, ẹ sinmi. Àtẹ̀gùn yìí ti fẹ́ pa yín. Màá mọ bí mo ṣe máa ṣe é." Mo dúpẹ́, orí mi wú pé ó ro tèmi. Ní ọjọ́ kẹta, mo lọ ká ṣòkòtò mi lókè, mo bá ìyàwó mi lórí òrùlé. Ó gun orí bíríkì méjì tí wọ́n tò léra, ó fi ẹsẹ̀ ọ̀tún nìkan dúró, ó na ọrùn síbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì wà, ó sì ń sọ sínú fóònù pé, "Ẹ̀yin ènìyàn mi, láti àná ni mi ò ti lè dìde lórí ibùsùn."

"Ìyá àwọn ọmọ," ni mo wí.

Ó yí padà lórí ẹsẹ̀ kan náà. Kò tilẹ̀ ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́.

"O ti sàn!" Inú mi dùn débi pé mo fẹ́ gbé e jó láàárín aṣọ tútù. Mo ti ń rò ó pé ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn gan-an la máa lọ sídìí afárá. Ìyàwó mi ní tirẹ̀ bú sẹ́kún.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fún ẹnikẹ́ni. Wọ́n á yọ mí."

Òótọ́ ni. Òfin ẹgbẹ́ ni pé ẹni tó bá sàn á jẹ́rìí, wọ́n á bá a yọ̀, wọ́n á sì yọ ọ́ lọ́jọ́ kan náà, kó má baà máa fi ìlera ṣe fọ́ńté lójú àwọn tó kù. Láti ọdún mẹ́ta tí ẹgbẹ́ ti wà, kò tíì sẹ́ni tó jẹ́rìí. Ẹ̀rí pé àìsàn náà le ni wọ́n ka ìyẹn sí.

Ìyàwó mi bá padà sídìí àìsàn. Wọ́n ní a kì í fini joyè àwòdì ká má lè gbé adìyẹ. Wọ́n ti fi òun joyè ìrora, ó ní òun ò ní fi oyè náà wọ́lẹ̀. Tí mo bá ní ká jáde, á ní bí ará ẹgbẹ́ bá rí òun ńkọ́? Ó wá ń tiro káàkiri inú ilé nítorí ojú fèrèsé. Lọ́jọ́ kan, ẹsẹ̀ òsì ló ń tiro. Mo rán an létí pé ọ̀tún ni. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi.

Àsìkò yẹn ni Àlejò kan wọlé. Agbálẹ̀ ilé ìwé ni, orí ìkúnlẹ̀ ló ti ń fọ ọ̀dẹ̀dẹ̀ gígùn kan. Ó ní orúnkún òun ti ń dun òun láti oṣù mẹ́ta, ọ̀gá òun sì ti sọ pé tí òun ò bá lè kúnlẹ̀ dáadáa kí sáà yìí tó parí, kí òun wábi gbà. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin àgbà, kí ni kí n ṣe?"

Káfíńtà kan tó jẹ́ Baba Ẹgbẹ́ ló kọ́kọ́ dáhùn. "Oṣù mẹ́ta kọ́ là ń pè ní ìrora, ọmọ mi. Àárẹ̀ nìyẹn." Olóyè kan béèrè àwòrán eegun rẹ̀, agbálẹ̀ náà ní òun ò tíì yà á, wọ́n kan sáárá sí ìgboyà rẹ̀ pé ó wọlé láìní àwòrán. Ẹlòmíràn ní kó kọ́kọ́ kí àwọn àgbà dáadáa ná. Nígbà tó fi máa di ọ̀sán, ẹgbẹ́ ti pín sí méjì lórí bóyá ẹni tó ṣì ń kúnlẹ̀ díẹ̀díẹ̀ tó ẹni tí wọ́n ń pè ní Àlejò. Kò sẹ́ni tó dá obìnrin náà lóhùn lórí ohun tó béèrè.

Ó bá kọ̀wé sí ìyàwó mi ní ìkọ̀kọ̀. "Ìyá, ẹ̀yin lẹ ti jìyà jù. Tí ẹ̀yin náà bá ní kò sọ́nà, màá lọ kó ẹrù mi."

Ìyàwó mi gbé fóònù náà wá síwájú mi. Ìdè inú aago kan tó kéré ju ojú èèrà lọ wà lọ́wọ́ mi.

"Kí ni kí n sọ fún un?"

"Sọ fún un pé kó wá àga."

"Tó bá wá bi mí bí mo ṣe mọ̀ ńkọ́?"

Inú bí mi. Mo gbé aago sílẹ̀. "Àtẹ̀gùn tí mo gùn fún ọ, mi ò kùn rí. Ṣùgbọ́n tí iṣẹ́ bá bọ́ lọ́wọ́ ọmọ ọlọ́mọ nítorí oyè rẹ, ojú tí mo fi ń wò ọ́ á yí padà. Mo sọ tèmi."

Ó gun òkè lọ. Ó sọ gbogbo rẹ̀ fún agbálẹ̀ náà, àga, ení títí dé ẹẹ́wàá, ogún láàárọ̀, ogún nírọ̀lẹ́, ó sì fi Ọlọ́run bẹ̀ ẹ́ kó má sọ ọ́ síta. Mo fi í yangàn lọ́jọ́ yẹn, mo sì sọ fún un.

Ọ̀sẹ̀ márùn-ún lẹ́yìn náà, ayọ̀ pa agbálẹ̀ náà bí ọtí. Ó ti kúnlẹ̀ fọ ọ̀dẹ̀dẹ̀ dé òpin, ọ̀gá ti ní kó máa bá iṣẹ́ lọ. Ó gbàgbé ẹ̀bẹ̀, ó wọ àárín ẹgbẹ́, ó jẹ́rìí: "Ìyá Ẹgbẹ́ wa ló kọ́ mi o! Ohun tó wo tiwọn sàn náà ló wo tèmi!"

Wákàtí kan kò pé tí wọ́n fi yọ àwọn méjèèjì. Káfíńtà ló fọwọ́ ara rẹ̀ yọ wọ́n. Wọ́n ní òpùrọ́ ni ìyàwó mi, pé orúnkún rẹ̀ kò dùn ún rí, pé eegun ẹlòmíràn ló wà nínú àwòrán. Ó sunkún fún ọjọ́ méjì. Àánú rẹ̀ ṣe mí, ṣùgbọ́n mo ti ń nu bàtà mi.

Ní ọjọ́ kẹta, káfíńtà pe ìyàwó mi lórí fóònù nígbà tó wà lórí òrùlé. Mo wà níbẹ̀, mò ń gbọ́ òòlù tó ń dún gbà-gbà-gbà lẹ́yìn ohùn rẹ̀.

"Ìyá, ẹ má bínú, òfin ni. Kó wà láàárín wa o, èmi náà ti sàn láti ọdún tó kọjá. Orí pákó òrùlé ni mo wà yìí."

Ẹni mọ́kànlélógún ló pè lọ́sẹ̀ yẹn, kálukú ní ìkọ̀kọ̀. Ọ̀rọ̀ kan náà ni gbogbo wọn ń sọ. Ìyàwó mi nu ojú, ó dá ẹgbẹ́ tuntun sílẹ̀ fún wọn, Ẹgbẹ́ Àwọn Tó Ti Sàn. Òun ni Ìyá Ìsàlẹ̀, agbálẹ̀ ni igbá-kejì rẹ̀. Ìṣísẹ̀ ni wọ́n fi ń joyè níbẹ̀: bí èèyàn bá ṣe rìn tó lójúmọ́ ni ipò rẹ̀ ṣe ga tó. Mo ní kò burú. Ìrìn ṣáà ni èmi ń fẹ́.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kìíní, a ti ilẹ̀kùn, a jáde. Mo bú oníbàárà kan tó ní mo pààrọ̀ ọwọ́ aago òun, ìyàwó mi náà bú obìnrin kan tó sanra tán tó ní aṣọ ló kéré. Ayé dùn mọ́ mi. Nígbà tí a dé ìdí afárá, ó yọ fóònù, ó ní fọ́tò ẹsẹ̀ ni ẹ̀rí tí ẹgbẹ́ ń gbà. Ó gbé ẹsẹ̀ méjèèjì sí eteetí ọ̀nà. Mo sún mọ́ ọn, mo gbé tèmi sí ẹ̀gbẹ́ tirẹ̀ pẹ̀lú bàtà tí mo ti nù.

"Baálé mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yọ ẹsẹ̀ yín kúrò níbẹ̀."

"Kí ló dé?"

"Wọ́n á béèrè pé ẹsẹ̀ ta ni. Ẹ̀yin ò ṣàìsàn rí."

Mo yọ ẹsẹ̀ mi.